Ẹ Ka Ènìyàn Kí Ẹ Tó Ka Ilé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ìṣètò ìlú àti ìdíyelé ilé, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń kó ènìyàn kúrò nínú ilé tó ti gbó, nígbà tí ìjọba tàbí àwọn tó ń fi ilé kíkọ́ ṣòwò bá fẹ́ tún àdúgbò kọ́, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Abẹ́òkúta, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n gbà pé àkókò tí a bá ń ka àwọn tó ń gbé inú ilé wọ̀nyí ni iṣẹ́ náà ti ń dára tàbí tí ó ti ń bàjẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá wọ ìwé tí ẹ kọ lákòókò náà, kò sí owó gbà-má-bínú fún un, kò sí yàrá fún un níbi tí a ń kó àwọn yòókù lọ, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lóhùn nígbà tí ó bá dé ọ́fíìsì yín lọ́dún tó tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé owó iná rẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ, láti orí òfin dé orí owó, orí kíkà yìí ló dúró lé.

Irú ilé tí mo ń sọ kò jọra níbi gbogbo. Ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, ìjọba kọ́ ilé 33 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó àjà 11, wọ́n pè é ní Pruitt-Igoe, àwọn tálákà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó sínú rẹ̀ láti ọdún 1954. Owó ilé tí àwọn ayálégbé bá san ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi tún un ṣe. Bí àwọn ènìyàn ti ń kó jáde ni owó ń dínkù, ẹ̀rọ agbéniròkè ń bàjẹ́, páìpù omi ń bẹ́, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wó o lulẹ̀ ní 1972. Tiwa yàtọ̀. Ní àárín gbùngbùn Abẹ́òkúta, láti Aké dé Ìtòkú, láti Sápọ̀n sọ̀kalẹ̀ lọ sí Láfẹ́nwá, èyí tó gbó jù ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí àwọn bàbá ńlá wa kọ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì ti pín in ní yàrá-yàrá. Òmíràn jẹ́ ilé oníyàrá ojúkojú tí wọ́n dìídì kọ́ fún ayálégbé, tí yàrá mẹ́wàá ń lo balùwẹ̀ kan àti ṣáláńgá kan. Òmíràn sì jẹ́ búlọ́ọ̀kù fúláàtì tí ẹni tó kọ́ ọ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Ilé tó ń kú lọ báyìí kì í ṣófo ní ìlú wa. Bí ó ti ń bàjẹ́ sí i ni owó rẹ̀ ń rọ̀, bí owó rẹ̀ sì ti ń rọ̀ ni àwọn tí kò ní ibòmíràn láti lọ ń kún inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé tí ìwé ọ́fíìsì sọ pé ìdílé méjì ló wà nínú rẹ̀ fi lè ní ìdílé mẹ́jọ nínú.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọ́n ti kọ́ pé kí ẹ fi nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn, kí ẹ sì ka iye ilẹ̀kùn. Ìyẹn dára fún ẹni tó fẹ́ mọ iye sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ìdílé, ìkòkò ọbẹ̀ ni kó kà. Àwọn tí wọ́n ń jẹun nínú ìkòkò kan náà ni ìdílé kan, bí wọn ò tilẹ̀ sùn sí yàrá kan. Àwọn tí wọ́n sì ń dáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jẹ́ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń pe ẹnì kan ní bàbá. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, lẹ́yìn ìrun mọ̀ngàríbì, nígbà tí àwọn oníṣòwò bá ti darí láti Kútọ̀ àti Ìtòkú, tí àwọn ọlọ́kadà sì ti gbé ọ̀kadà wọlé. Ẹni tó bá lọ ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, àwọn arúgbó àti ọmọ wẹ́wẹ́ nìkan ni yóò bá nílé, ohun tí wọ́n bá sì rántí ni yóò kọ.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí kò jìnnà sí Ìtòkú tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tí mo bá ń kọ́ níṣẹ́. Ọmọ onílé náà, tí ń gbé ní Èkó, fi orúkọ ayálégbé mẹ́rin ránṣẹ́ sí wa, ó sì dá a lójú pé kò sí ẹlòmíràn nínú ilé bàbá òun. Nígbà tí a wọ ilé náà ní ìrọ̀lẹ́, abẹ́ àtẹ̀gùn la ti kọ́kọ́ bá ìyá arúgbó kan. Ibùsùn rẹ̀ wà níbẹ̀, àpótí aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀, agbada tó fi ń din àkàrà tà láàárọ̀ sì dojú dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹbí ìyálé ilé tó ti kú ni, òun ló tọ́jú ìyálé náà títí ó fi dolóògbé, láti ìgbà náà kò sì sẹ́ni tó gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí lára ọmọ ilé, kò sí lára ayálégbé. Nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, àwọn ọmọ iṣẹ́ télọ̀ méjì ń ti máṣíìnì sí ẹ̀gbẹ́ kan lálaalẹ́ kí wọ́n tó tẹ́ ẹní. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì ni a tó rí àwọn kẹta. Àwọn aládìrẹ tí wọ́n ń gbé ní Kémta wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ṣí ìkòkò aró àti díróòmù wọn, wọ́n da sóódà sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá aṣọ sórí okùn tó gba àgbàlá náà kọjá láti ògiri dé ògiri. Wọn kì í sùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó la tẹ̀lé, gbogbo àwọn wọ̀nyí ì bá kàn rí katapílà lọ́jọ́ kan ni.

Nítorí náà, ojú ewé mẹ́ta ni mo máa ń ní kí àwọn ọ̀dọ́ abẹ́ mi ṣí fún ilé kọ̀ọ̀kan: ojú ewé ẹni tó ni ilé, ojú ewé ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀, àti ojú ewé ẹni tó ń ti ibẹ̀ jẹun. Ẹnì kan lè wà lójú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ya fọ́tò ẹni náà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ kọ orúkọ tí àwọn ará àdúgbò ń pè é mọ́ orúkọ inú ìwé rẹ̀, nítorí nígbà tí owó bá dé, orúkọ àdúgbò ni wọn yóò fi wá a. Orúkọ ìyàwó, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ má fi pamọ́ sábẹ́ orúkọ ọkọ. Mo ti rí ibi tí ọkọ ti gba owó kíkó ẹrù tó gba ọ̀nà Ṣàgámù lọ, tí ìyàwó àti àwọn ọmọ sì wà lójú títì.

Ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà tí a ó ti ìwé náà, kí ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀ pé òun wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ní Chicago, nígbà tí wọ́n gbé ètò kalẹ̀ ní ọdún 2000 láti wó àwọn ilé gogoro ìjọba kí wọ́n sì kọ́ tàbí tún fúláàtì 25,000 ṣe, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1999 ni wọ́n mú: ìdílé tó bá ní ìwé àgíríméǹtì lọ́jọ́ náà ló ní ẹ̀tọ́ àtipadà. Ọjọ́ yẹn dáàbò bo ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn láìsí orúkọ wọn nínú àgíríméǹtì kò rí ẹ̀tọ́ náà gbà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ọjọ́ nìkan kò tó, ohun tí a ní kí ènìyàn fi hàn lọ́jọ́ náà ló ń pinnu ẹni tí yóò yege. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ayálégbé kò ní ìwé kankan ju rìsíìtì tí kiatékà fi ọwọ́ kọ lọ, tí ọmọ ilé kò sì ní ju ẹnu àwọn àgbà lọ, ẹ̀rí aládùúgbò méjì àti ti Baálẹ̀ gbọ́dọ̀ tó. Ẹ kéde ọjọ́ náà ṣáájú, lórí rédíò, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́nu ìyálọ́jà. Bí ẹ bá fi pamọ́ tí ẹ sì wá sọ lẹ́yìn pé ó ti kọjá, ẹni tó lọ sìnkú ní Ìmẹ̀kọ lọ́sẹ̀ náà ni yóò pàdánù, àwọn tí wọ́n ti gbọ́ fínrínfínrín ní ọ́fíìsì ni yóò sì fi páálí pín yàrá kan sí mẹ́ta kí wọ́n lè gba owó mẹ́ta.

Ní ti òfin, ẹ jókòó ti Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 kí ẹ tó wọ àdúgbò kankan, nítorí àwọn lọ́yà yóò bi yín, àwọn bàbá inú àgbàlá pàápàá yóò bi yín. Abala 28 fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ padà nítorí ànfààní gbogbo ìlú. Abala 44 sọ bí a ṣe ń fi nótíìsì lé ènìyàn lọ́wọ́: kí a fún un ní ọwọ́ rẹ̀, tàbí kí a fi sílé tó ń gbé, tàbí kí a fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́nà tí àkọsílẹ̀ yóò fi wà, tàbí, bí a kò bá mọ orúkọ tàbí àdírẹ́sì rẹ̀, tí a kò sì bá ẹnikẹ́ni nílé tí a lè fún, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó hàn lára ilé náà. Ẹ wo bí ó ti tò ó. Lílẹ̀ mọ́ ara ògiri ló kẹ́yìn, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ ń ṣe, tí wọn yóò tún fi ọ̀dà pupa kọ X gàdàgbà sí ojú ilé. Èmi kò fẹ́ràn ọ̀dà pupa yẹn rárá. Lọ́jọ́ tí ó bá ti wà lára ilé, oníṣòwò kì í tún fún ará ilé náà lọ́jà àwìn mọ́, onílé kì í tún páànù tó ń jò ṣe mọ́, òjò yóò sì máa rọ̀ sára àwọn tó wà nínú rẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀.

Abala 29 ló sọ ohun tí a óò san. Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí ẹni náà san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á ni wọn yóò dá padà, bí ó bá tilẹ̀ san rárá. Fún ilé, iye tí yóò ná ènìyàn láti tún irú rẹ̀ kọ́ ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ iye tí gbígbó ti jẹ kúrò nínú rẹ̀. Ká ní ilé kan yóò gba ₦20,000,000 láti tún kọ́ lónìí, tí adíyelé sì ní gbígbó ti jẹ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ₦8,000,000 ni ẹni náà yóò gbà, kò sì sí ibi tí yóò ti rí ilé ògbólógbòó rà ní ₦8,000,000 ní àárín ìlú. Ìlànà tí Báńkì Àgbáyé fi lélẹ̀ fún iṣẹ́ tí ó bá fi owó sí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, kò gbà kí a yọ owó gbígbó yìí rárá, ó sì ní kí a ṣèrànwọ́ fún ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀ pàápàá, bí a bá ti bá a níbẹ̀ kí ìwé tó tì. Ẹ mọ èyí tí iṣẹ́ yín wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí méjèèjì kò sì fi bẹ́ẹ̀ díye lé ni ipò tí ilé wà. Obìnrin tó ń ta àdìrẹ níwájú ilé ní Ìtòkú, ojú ọ̀nà tí àwọn oníbàárà láti Èkó àti Ìbàdàn ń gbà wọlé ló ń tà lé lórí, kì í ṣe bíríkì.

Abala kan wà tí àwọn ènìyàn kì í kà dé, òun ni 33. Ó ní bí ilé ibùgbé bá wà lórí ilẹ̀ tí a gbà, gómìnà lè fún ẹni náà ní ilé mìíràn dípò owó. Bí ilé tuntun bá gbówó lórí ju owó gbà-má-bínú rẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì lè fohùn ṣọ̀kan kí àjùlọ náà di gbèsè tí ẹni náà yóò máa san díẹ̀díẹ̀ fún ìjọba. Lọ́jọ́ tó bá sì ti gba ilé náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí owó ti parí. Ẹ ka èyí sí ìyá arúgbó létí dáadáa kí ó tó tẹ̀ka. Mo ti rí àwọn tó rò pé ẹ̀bùn ni ilé náà, tí wọn kò mọ̀ pé gbèsè wà nídìí rẹ̀.

Ẹ wò ó pé gbogbo èyí, ẹni tó kọ́ ilé ló ń bá wí. Ayálégbé tí kò kọ́ ohunkóhun, òfin yìí kò fi bẹ́ẹ̀ rántí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló pọ̀ jù nínú àwọn ilé tí mò ń sọ. Ẹni tó san owó ọdún méjì sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, ta ni yóò dá èyí tó ṣẹ́kù padà fún un? Onílé yóò ní ìjọba ló lé e, ìjọba yóò ní onílé ló gbowó. Ibi tó tún ń lọ, wọn yóò gba owó ọdún kan tàbí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò gba owó àgíríméǹtì, wọn yóò gba kọmíṣọ́ọ̀nù fún éjẹ́ǹtì, kí ó tó sanwó ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn owó wọ̀nyí ni mo ní kí ẹ kọ sí ojú ewé ayálégbé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú rìsíìtì tó bá wà, kí ẹ sì jà fún un nígbà tí ẹ bá ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè yọ owó ilé tí ayálégbé ti san ṣáájú kúrò nínú owó gbà-má-bínú onílé kí wọ́n sì fún ẹni tó ni ín. Ó ṣeé ṣe. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ṣe é, kò sì sí onílé tó lè fi ojú kan ẹni náà kó ní irọ́ ni.

Ilé ẹbí le ju ti ayálégbé lọ. Owó ilé ẹbí kì í ṣe ti olórí ẹbí nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè gbà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ wa ti dúró lé e láti ọjọ́ pípẹ́ pé títa ilẹ̀ ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí kò múlẹ̀ rárá, àti pé èyí tí olórí ẹbí dá ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹbí yòókù ṣeé fagi lé. Ẹ fi ọkàn kan náà ṣe ti owó gbà-má-bínú. Ẹ pe ìpàdé ẹbí sínú àgbàlá wọn, kí ẹ má pè é sí ọ́fíìsì, kí ojúlé kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò bu ọwọ́ lùwé, kí wọ́n sì jọ ṣí àkáǹtì tí ẹnì kan kò lè dá gbowó nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé máa ń jókòó sẹ́yìn nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè tààrà, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ tó yẹ, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ọmọ tí ń bẹ ní Kọ́tónù àti èyí tí ń bẹ ní Jámánì, tí yóò dé lọ́jọ́ owó.

Òkú sì wà nínú ilé. Ní ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Abẹ́òkúta, inú ilé tàbí ẹ̀gbẹ́ ilé la sin àwọn bàbá àti ìyá sí, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tàbí táìsì bo ojú oórì náà, tí àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má fi kà á mọ́ ògiri àti páànù. Ẹ ní ojú ewé fún ojú oórì àti ojúbọ, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ bi ẹbí bóyá wọ́n fẹ́ kí a hú u lọ síbòmíràn tàbí kí a ṣètò àdúgbò tuntun gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kí iye tí ètùtù àti ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì yóò ná sì wọ inú owó iṣẹ́. Mo ti rí iṣẹ́ ńlá tó dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí ojú oórì kan ṣoṣo tí kò sí nínú àwòrán ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a óò kó wọn lọ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń pa àwọn ènìyàn lára jù láìmọ̀. Ní 1928, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, ìjọba àmúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀ fún àtúnṣe ìlú Èkó, èyí tí a mọ̀ sí LEDB. Láti 1955 àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà mọ́, omi wà, ojú ọ̀nà tọ́. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń ta nǹkan lẹ́nu ọ̀nà wọn pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ sí ọjà àti sí ilé ẹbí gbé èrè lọ, àwọn tí wọ́n ti ń jẹun lọ́dọ̀ ara wọn sì wá jìnnà síra. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lé àwọn ará Màrókò tí iye wọn tó 300,000 kúrò, nótíìsì ọjọ́ méje ni wọ́n fún wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló rí yàrá ní Ìlàsán àti Ìkòtà, nínú ilé tí kíkọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ó fi ọdún márùndínlógójì yà sí ti Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì burú jù ú lọ.

Nígbà tí àwọn baba wa fi igbó Ẹ̀gbá sílẹ̀ nítorí ogun, tí Ṣódẹkẹ́ sì ṣíwájú wọn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan ló tẹ̀dó pẹ̀lú àwọn ará rẹ̀ àti àwọn olóyè rẹ̀, orúkọ ìlú wọn àtijọ́ ni wọ́n sì fi pe àdúgbò wọn: Aké, Kémta, Ìtòkò, Ìgbẹ̀ìn, Ìkìjà àti àwọn yòókù. Àwọn Òwu dé lẹ́yìn wọn, ní nǹkan bí 1834, wọ́n sì ní ibi tiwọn. Àwọn tí ogun lé ni wọ́n, ebi àti ìbẹ̀rù wà lára wọn, síbẹ̀ wọn kò tú ara wọn ká. Ó yẹ kí ètò tí a fi ìwé, kọ̀ǹpútà àti owó báńkì ṣe lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó ilé mẹ́wàá kúrò ní Ìtòkú, tí ilẹ̀ tó ṣófo kò sì sí àyàfi ní ọ̀nà Ọbàntokò, ẹ kó wọn papọ̀ sí òpópó kan náà, kí ẹni tí wọ́n jọ ń dá àjọ ṣì lè jọ máa dá àjọ, kí ìyá arúgbó ṣì rí ọmọ tí yóò bá a pọnmi. Ẹ má ṣe fi ìbò pín yàrá. Mo mọ̀ pé ìbò ni àwọn ọ̀gá fẹ́ràn, nítorí kò sí ẹni tó lè ní wọ́n ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ìbò máa ń fi obìnrin aláìsàn sí àjà kẹta, a sì máa fi aládìrẹ sí fúláàtì tí kò ní àgbàlá tí oòrùn ń ráyè wọ̀, tí ojú gọ́tà rẹ̀ kò sì lè gba omi aró. Ẹ padà sí ojú ewé ẹni tó ń ti ibẹ̀ jẹun, òun ni kí ẹ fi pín in.

Èyí tó sàn jù, bí ilẹ̀ bá gbà á, ni kí ẹ kọ́ kí ẹ tó wó. Ní àdúgbò àtijọ́ tó kún fọ́fọ́ pàápàá, ilé kan tó ti wó pátá tàbí ọgbà kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé máa ń wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kọ́ ilé àkọ́kọ́ sórí rẹ̀, ẹ kó àwọn ará ilé tó gbó jù sínú rẹ̀, ẹ wó tiwọn, kí ẹ tún kọ́ sórí ibẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀lé wọn. Ó máa ń pẹ́, àwọn tó fowó sílẹ̀ kì í sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi Ìtòkú sílẹ̀ láti dúró de ìlérí. Ìlérí ìpadà ni mo bẹ̀rù jù nínú iṣẹ́ yìí. Ní gúúsù ìlú London, ẹ́sítéètì kan wà tí wọ́n ń pè ní Heygate, tí wọ́n kọ́ parí ní 1974, tó ní fúláàtì tó lé ní 1,000. Wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé wọn yóò padà, wọ́n sì wó o tán ní 2014. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tuntun tí wọ́n ṣètò sórí ilẹ̀ náà, èyí tí owó rẹ̀ kò ju ti ilé ìjọba àtijọ́ lọ kò tó 100.

Nípa àkókò, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe kó ẹnikẹ́ni láàárín òjò, pàápàá ní etí odò Sókòrí tí omi máa ń kún. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ parí sáà ilé ìwé wọn, kí ẹni tó ń ṣe WAEC ṣe é tán. Ẹ má ṣe é nínú oṣù Ramadan tàbí ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1970 lórí ọ̀rọ̀ yìí ní kí nótíìsì tí a fi lé ènìyàn lọ́wọ́ pé ó kéré tán ọjọ́ 90 kí ó tó kó jáde. Ní ìlú tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ wá owó ọdún méjì kó tó rí yàrá, ọjọ́ 90 kò pọ̀ jù.

Lẹ́tà tí ẹ óò kọ sí wọn, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì kà á sókè ní àgbàlá kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pín in. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé ìkànìyàn, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ọ́fíìsì, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Àwọn ọ̀gá kan yóò ní èyí yóò kó wàhálà bá ọ́fíìsì, nítorí àwọn ènìyàn yóò gbé e lọ bá lọ́yà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ìwé tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹni náà lọ sí ẹ̀ka mìíràn ni gbogbo àdúgbò di ẹni tí a kò kà rí.

Nígbà tí wọ́n bá ti kó dé ibi tuntun, iṣẹ́ yín kò tíì tán. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹ tún lọ nígbà tí ọdún bá yí po, pẹ̀lú ojú ewé wọn kan náà lọ́wọ́. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ná lórí ọkọ̀ lójúmọ́, bóyá ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé, ẹni tí ìyá arúgbó ń bá sọ̀rọ̀, bóyá aládìrẹ ti rí ibi sá aṣọ. Bí ẹ bá rí i pé yàrá tí a fún ẹnì kan ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ má kàn kọ ọ́ pé ó ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ kí ẹ sì pa ìwé dé. Ẹ wá a lọ sí ibi tó wà, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ yàrá tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìtòsí ọjà, ẹ bi í ní ohun tó lé e kúrò, ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sí ojú ewé náà, nítorí nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ wó àdúgbò mìíràn, ẹ̀yin ni wọn yóò pè láti wá kà á.